Ẹ̀rí Kan Ò Tó Dájọ́: Lórí Àyẹ̀wò Tó Ń Sọ Pé Àrùn Wà Níbi Tí Kò Sí

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ara èèyàn bá gbóná ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ìlọrin, tí ó bá gba ilé àyẹ̀wò lọ, ìwé pélébé kan ni yóò mú jáde níbẹ̀, ohun tí wọ́n sì sábà máa ń kà sí i létí láti inú ìwé náà ni pé ibà wà, táífọ́ọ̀dù náà wà. Àìsàn méjèèjì ti di Táyé àti Kẹ́hìndé lẹ́nu wa. A kì í dárúkọ ọ̀kan ká má fi èkejì kún un. Ohun tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, Kẹ́hìndé yìí kò sí nínú ara ẹni tí wọ́n kọ ọ́ mọ́. Kò sì túmọ̀ sí pé ẹni tó ṣe àyẹ̀wò purọ́. Àyẹ̀wò náà ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ. Àwa la bi í ní ìbéèrè tó ju ẹnu rẹ̀ lọ, tí a sì gba èsì rẹ̀ bí ẹni gba ìdájọ́ ilé ẹjọ́.

Bí wọ́n bá mú ẹjọ́ wá síwájú àwọn àgbà, ẹlẹ́rìí yóò sọ ohun tó rí, àwọn àgbà yóò sì bi í pé níbo ló dúró sí, ṣé ilẹ̀ ti ṣú, ṣé ó mọ ẹni náà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ka ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn yòókù. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ni àwọn baba wa wí. Ẹlẹ́rìí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tó bá ní àrùn wà lára ẹni tí kò ní in, ẹ̀rí èké ló jẹ́, bí kò tilẹ̀ ní èrò ibi lọ́kàn. Èsì èké ni n ó máa pe irú èsì bẹ́ẹ̀ nínú àsọyé yìí. Kò sí àyẹ̀wò kan láyé tí kì í jẹ́ irú ẹ̀rí yìí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn kì í rí àrùn fúnra rẹ̀. Ipasẹ̀ àrùn ni wọ́n ń rí. Ọdẹ tó bá ipasẹ̀ ẹtu létí odò mọ̀ pé ẹtu gba ibẹ̀ kọjá. Bóyá láàárọ̀ yìí ni o, bóyá níjẹta ni, bóyá ewúrẹ́ ará abúlé ló ń pè ní ẹtu, ipasẹ̀ nìkan kò lè sọ ọ́ fún un.

Àyẹ̀wò táífọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ jù ní àwọn ilé àyẹ̀wò wa ni èyí tí wọ́n ń pè ní Widal. Orúkọ èèyàn ni. Fernand Widal, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé tí wọ́n bí ní Dellys ní Àlìjéríà ní 1862, ló gbé e jáde ní Paris ní 1896. Wọ́n ti mọ ọ̀daràn náà ṣáájú àkókò yẹn: Karl Eberth ti ṣàpèjúwe kòkòrò tó ń fa àìsàn náà ní 1880, Georg Gaffky sì ti gbìn ín dàgbà ní 1884. Ohun tí Widal lò fún ìwúlò aláìsàn ni pé bí wọ́n bá po omi ẹ̀jẹ̀ ẹni tí táífọ́ọ̀dù ń ṣe mọ́ kòkòrò yìí, àwọn kòkòrò náà yóò so mọ́ ara wọn, wọ́n á dì bíi wàrà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí rèé. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i títí omi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú yóò fi yà sókè. Wọ́n á kán omi yìí sórí àwo funfun pẹlẹbẹ, wọ́n á kán èròjà tí wọ́n fi òkú kòkòrò táífọ́ọ̀dù ṣe lé e, aláwọ̀ búlúù fún èyí tí wọ́n ń pè ní O, pupa fún H. Wọ́n á fi igi tín-ín-rín rò ó pọ̀, wọ́n á máa mi àwo náà síwá sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ṣe wóróworo, wọ́n á ní ó wà. Bí ó bá ń ṣàn geere bí omi aró, kò sí. Ìṣẹ́jú kan péré ni. Bí ẹni tó ń mi àwo bá gbójú kúrò láti dá oníbàárà mìíràn lóhùn, tí etí omi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, yóò ṣe wóróworo fúnra rẹ̀, ó sì ṣòro kí ojú tó lè yà á sọ́tọ̀. Nọ́ńbà 1/80 tàbí 1/160 tí ẹ ń rí lórí ìwé yẹn, bí omi ẹ̀jẹ̀ ṣe lè là tó tí yóò ṣì mú kòkòrò dì ló ń wí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iye kòkòrò tó wà nínú ara wọn ni. Rárá o. Kòkòrò kan ṣoṣo kò sí nínú ohun tí àyẹ̀wò yẹn kà.

Ohun tó ń mú kí òkú kòkòrò wọ̀nyẹn dì ni àwọn sójà tí ara kó jọ láti bá táífọ́ọ̀dù jà. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Sójà tí ara kó jọ nítorí àìsàn èṣí lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ogun ti tán. Ní ìlú tí omi kò mọ́, tí àwọn èèyàn ti ń pàdé kòkòrò náà láti kékeré, ẹni tí ohunkóhun kò ṣe lè ní wọn lára. Abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù ti ayé àtijọ́ náà máa ń kó wọn jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kòkòrò táífọ́ọ̀dù ní ẹbí rẹpẹtẹ, Salmonella ni orúkọ agbolé wọn, àwọn ẹbí kan tó jẹ́ pé ẹyin àti ẹran ni wọ́n máa ń gbà wọlé sì ń da irú aṣọ kan náà bora. Sójà tó jẹ́ pé aṣọ ló mọ̀, kò mọ ojú, yóò mú ẹni tí kì í ṣe ọ̀daràn. Ibà ẹ̀fọn náà máa ń ru gbogbo ẹgbẹ́ ogun ara sókè lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé àwọn sójà tí ọ̀rọ̀ kò kàn á jáde síta, tí àyẹ̀wò Widal yóò sì rí wọn. Ìyẹn ni pé Táyé nìkan lè wà nílé kí ó sì dá òjìji Kẹ́hìndé sára ògiri. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọjọ́. Nínú táífọ́ọ̀dù tòótọ́, àwọn sójà wọ̀nyí kì í sábà pọ̀ tó ohun tí àyẹ̀wò lè rí títí ọ̀sẹ̀ kìíní yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹni tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lánàá, tí wọ́n sì sọ fún un lónìí pé Widal rẹ̀ wà, ohun yòówù kí sójà wọ̀nyẹn máa tìtorí rẹ̀ jáde, ó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ibà àná. Ìdí nìyẹn tí ìlànà àtilẹ̀wá fi ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá wà láàárín wọn, kí wọ́n wò ó bóyá èkejì fi ìlọ́po mẹ́rin ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mélòó nínú wa ni wọ́n ti pè padà fún ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì rí?

Síbẹ̀ àṣìṣe inú àyẹ̀wò nìkan kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Kódà bí àyẹ̀wò bá mú ju báyìí lọ, ìṣòro kan wà tí kò ní tán, ìyẹn ni ti iye àwọn tó ní àrùn náà nínú àwọn tí a ń yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Àbá ni iye tí mo fẹ́ lò, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ká ní 1,000 èèyàn tí ara wọn gbóná ló wá sí ilé ìwòsàn kan, tí 20 péré nínú wọn ní táífọ́ọ̀dù lóòótọ́. Ká ní àyẹ̀wò wa ń mú 80 nínú gbogbo 100 tó ní in, tó sì ń ṣi 15 mú nínú gbogbo 100 tí kò ní in. Nínú 20 yẹn, yóò mú 16. Nínú 980 tó kù, yóò ṣi 147 mú. Èèyàn 163 ni yóò gba ìwé pé táífọ́ọ̀dù wà, 16 péré ló sì ní in: nínú gbogbo mẹ́wàá tí ìwé dá lẹ́bi, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ aláìmọwọ́mẹsẹ̀. Ẹ wá gbé àyẹ̀wò kan náà, èròjà kan náà, ọwọ́ kan náà, lọ sí ìlú tí omi ìdọ̀tí ti ya wọ kànga, tí táífọ́ọ̀dù ń jà, tí 300 nínú 1,000 ní in. Yóò mú 240 lóòótọ́, yóò ṣi 105 mú. Níbẹ̀, bíi méje nínú mẹ́wàá ni ìwé náà bá òótọ́ mu. Kò sí ohun tó yí padà lára àyẹ̀wò. Àwọn tí a gbé e síwájú wọn ló yí padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àyẹ̀wò Widal gan-an nìyẹn láti ìgbà tó ti kúrò ní Paris. Ní ilé ìwòsàn níbi tí Widal ti lò ó, àwọn tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn ti wà lórí ibùsùn, ibà tí kò lọ bọ̀rọ̀ ti bá wọn fínra, oníṣègùn sì ti fọwọ́ kan ikùn wọn, ó ti wo ahọ́n wọn, ó ti ń fura gidigidi kí ó tó wá ẹ̀rí kún ìfura rẹ̀. Láàrin wa, ìfura kò sí mọ́. Àyẹ̀wò ló kọ́kọ́ ń dé. Ẹni tí orí ń fọ́, ẹni tí ó rẹ̀, ẹni tí ẹnu rẹ̀ korò, ẹni tí kò sùn dáadáa láti ìjẹta, gbogbo wọn ló ń lọ ṣe é, àwọn kan kò tilẹ̀ rí oníṣègùn kankan rárá, ẹnu fèrèsé láàbù ni wọ́n ti sanwó. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí a bá ti wá da gbogbo alángbá inú ọgbà síwájú ẹlẹ́rìí tó ń ṣi 15 mú nínú 100, àfi kí ẹ̀rí èké bo ẹ̀rí òtítọ́ mọ́lẹ̀.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò fi dá mi lóhùn: wọ́n tọ́jú táífọ́ọ̀dù náà, ara mi sì yá, ṣé kì í ṣe ẹ̀rí nìyẹn? Ọ̀rọ̀ yìí lágbára, nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́, ara rẹ̀ yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fún un. Oògùn ibà wà nínú ọ̀rá náà, oògùn apakòkòrò wà níbẹ̀, oògùn ara ríro wà níbẹ̀, nígbà míì wọ́n á fa omi sí i lára. Èwo nínú wọn ló ṣiṣẹ́? Bó bá jẹ́ ibà ẹ̀fọn ni, oògùn ibà ti mú un lọ. Bó bá jẹ́ irú ibà fáírọ́ọ̀sì tí ń wá tí ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi mímu àti oorun ti tó. Bó bá jẹ́ kòkòrò mìíràn ló wà nínú àyà tàbí nínú ìtọ̀, oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin tàbí ceftriaxone lè pa ìyẹn náà, orúkọ táífọ́ọ̀dù ló sì máa gba ọpẹ́. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn tí àkùkọ kọ, kò fi hàn pé àkùkọ ló rọ òjò.

Èyí tó ń dùn mí ni àwọn tí wọ́n ní táífọ́ọ̀dù wọn kò lọ. Ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n á ní ó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀, pé lóṣooṣù ló ń jí. Wọ́n ń gba abẹ́rẹ́, wọ́n ń padà lọ ṣe Widal láti mọ̀ bóyá ó ti tán, ó tún wà, wọ́n tún gba abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ìdí tó fi yẹ kí èsì Widal pòórá kíá kódà lẹ́yìn táífọ́ọ̀dù tòótọ́ tó ti san pátápátá. A kì í fi í mọ̀ bóyá oògùn ṣiṣẹ́. Lóòótọ́, àwọn èèyàn kan wà tí kòkòrò náà ń gbé nínú àpò òróòro wọn fún ọdún púpọ̀. Olókìkí jù nínú wọn ni Mary Mallon, alásè ní New York tí wọ́n mú ní 1907 nítorí pé ilé tó bá ti dáná ni táífọ́ọ̀dù ń bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ara Mary le koko, kò ráhùn ibà oṣooṣù rí. Ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n fi bá kòkòrò náà láàyè níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná lóṣooṣù, tí ń rù, tí ń làágùn lóru, ohun mìíràn ni kí a máa wá lára rẹ̀, ikọ́ ife wà lára ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ wá. Gbogbo oṣù tí a fi ń tọ́jú èsì èké lára rẹ̀, oṣù tí àìsàn tòótọ́ fi ń jẹun ni.

Ìdáhùn mi sí ẹni tó ní ó sàn kí a tọ́jú ohun tí kò sí ju kí a fi ohun tó wà sílẹ̀ lọ náà nìyẹn. Bí kò bá ní ìnáwó nínú, tí kò bá ní ewu nínú, mo lè gbà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá ti rí orúkọ kan kọ sórí àìsàn, a kì í wá òmíràn mọ́. Ibà Lassa, tí àwọn ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó mọ̀ dunjú, bí ibà lásán ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ fẹ́ ìyára, ó sì ń ran àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn. Ọjọ́ mẹ́rin tí èèyàn fi ń gba abẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin tí kò ṣeé rà padà. Oògùn apakòkòrò tí a ń dà sára ẹni tí kò nílò rẹ̀ sì ń kọ́ àwọn kòkòrò tó wà nínú ìfun wa ní ìjà. Ní 2016, irú táífọ́ọ̀dù kan yọjú ní Hyderabad ní ìpínlẹ̀ Sindh ní Pakistan, tí chloramphenicol, ampicillin, cotrimoxazole, ciprofloxacin àti ceftriaxone kò ràn. Nínú oògùn tí aláìsàn lè gbé mì nílé, azithromycin nìkan ló ṣẹ́kù tó ṣeé gbára lé. Ẹni tó máa jìyà ìlòkulò oògùn yìí jù lọ́la ni ọmọ tó bá ní táífọ́ọ̀dù tòótọ́.

Mo sì fẹ́ kí ó yé gbogbo wa pé táífọ́ọ̀dù tòótọ́ wà láàrin wa. Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú Áfíríkà tí iṣẹ́ ìwádìí táífọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní SETA ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn gbóná, tí wọ́n gbìn ín láti wá kòkòrò náà láàyè, wọ́n sì rí i. Èsì èké kò pa àìsàn náà rẹ́. Ńṣe ló fi í pamọ́ sáàárín èrò. Bí gbogbo àdúgbò bá ń sọ pé táífọ́ọ̀dù ń ṣe àwọn, kò sẹ́ni tó lè mọ àdúgbò tí kànga rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Láti ìparí 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù tuntun tó bá àwọn ọmọ kéékèèké mu, Pakistan kọ́kọ́ mú un wọ ètò àjẹsára rẹ̀ ní 2019, Làìbéríà sì tẹ̀lé e ní 2021. Níbo ló yẹ kí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ dé, níbo ló yẹ kí wọ́n gbẹ́ omi ẹ̀rọ sí? Ìwé Widal ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kò lè sọ ọ́ fún ìjọba.

Àwọn kan yóò ní òṣì ló fa gbogbo èyí, pé bí a bá ti ní ẹ̀rọ ìgbàlódé, ó tán. Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà. Ní 2006, ní ilé ìwòsàn ńlá Dartmouth-Hitchcock ní Lebanon, ìpínlẹ̀ New Hampshire, ikọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n fura sí pertussis, ikọ́ líle tí ń mú ọmọdé wúkọ́ títí èémí rẹ̀ yóò fi máa hó. Ẹ̀rọ PCR, tí ń wá àbùdá kòkòrò fúnra rẹ̀, ni wọ́n lò. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 ni wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n sì ní kí wọ́n dúró sílé títí èsì yóò fi jáde; àwọn tó lé ní 130 ni wọ́n kà sí ẹni tí àrùn náà mú; ẹgbẹẹgbẹ̀rún gba oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí wọ́n wá gbin ohun tí wọ́n mú lára wọn láti rí kòkòrò náà láàyè, kò sí ẹyọ kan. Ikọ́ lásán ló jà. Ẹ̀rọ kò wọ́n wọn, owó kò wọ́n wọn, ìmọ̀ kò wọ́n wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gbé ẹlẹ́rìí kan síwájú èrò tí àrùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí láàrin wọn, wọ́n sì dájọ́ kí ẹlẹ́rìí kejì tó dé.

Àtakò tó ń kọ mí lóminú jù ni ti àwọn tó ní irú ọ̀rọ̀ yìí yóò mú kí àwọn èèyàn máa sá fún àyẹ̀wò. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ní oṣù karùn-ún 2020, Ààrẹ Tanzania nígbà náà, John Magufuli, sọ ní gbangba pé wọ́n mú nǹkan lára ewúrẹ́ àti ìbẹ́pẹ, wọ́n fi orúkọ èèyàn sí i, àyẹ̀wò sì ní kòrónà wà níbẹ̀. Fún ohun tó lé ní ọdún kan lẹ́yìn náà, orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò gbé iye aláìsàn kòrónà jáde mọ́. Ẹni tó bá ti ibi èsì èké dé ibi pé kí a da gbogbo àyẹ̀wò nù, ó dà bí ìlú tó lé gbogbo ẹlẹ́rìí kúrò nítorí pé ọ̀kan ṣì sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ kò ní tán, àmọ́ ìméfò ni wọn yóò máa fi dá a. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ti HIV, kí ẹ rí i pé ọ̀nà mìíràn wà. Ìwádìí nípa HIV tí wọ́n ń pè ní NAIIS, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2018, fi hàn pé ìdá 1.4 nínú 100 àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 49 ló ní kòkòrò náà. Nínú 10,000 irú èèyàn bẹ́ẹ̀, 140 ló ní in. Ká tún fi àbá ṣe é, ká ní àyẹ̀wò kan ń ṣi 2 péré mú nínú 100: nínú 9,860 tó kù, yóò ṣi 197 mú, èsì èké á sì ju èsì òtítọ́ lọ. Àyẹ̀wò kejì, tí kò bá èkíní jọ, yóò sọ 197 yẹn di bíi 4. Ẹ̀kẹta yóò sọ ọ́ di ohun tí kò tó ẹnìkan. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ ní 2019 pé àyẹ̀wò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí a tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ní kòkòrò apa-sójà-ara. Ó yẹ kí wọ́n yàtọ̀ síra, nítorí ohun tó tan ẹlẹ́rìí kan jẹ lè tún tan ìbejì rẹ̀ jẹ. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí àyẹ̀wò HIV ní lónìí, inú ìjẹ́wọ́ pé ẹ̀rí kan kò tó ló ti wá. Ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, tí èsì ní ó wà, kò gbọdọ̀ sá. Kí ó dúró gba ti ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni.

Ó ku ìbéèrè àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa, tí mo bọ̀wọ̀ fún jù: bí a bá gba Widal lọ́wọ́ wa, kí lẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀? Mo mọ̀ pé gbígbin ẹ̀jẹ̀ kò rọrùn. Ó fẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀, ó fẹ́ ìgò tó mọ́ tónítóní, ó fẹ́ iná tí kì í kú, ó fẹ́ ọjọ́ mélòó kan, ó sì wọ́n. Kódà bíi mẹ́fà péré nínú mẹ́wàá táífọ́ọ̀dù tòótọ́ ló ń mú, kò sì ní tó bẹ́ẹ̀ mọ́ bí aláìsàn bá ti gbé oògùn apakòkòrò mì kí ó tó dé. N kò ní sọ pé gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé lè ṣe é lọ́la. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí kò ná wa lówó. Ibà ẹ̀fọn la kọ́kọ́ ń wá. Àyẹ̀wò pélébé ti ibà dára, bí a bá rántí pé ipasẹ̀ ni òun náà ń rí, pé ó lè máa fi ìlà hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ibà ti san, pé àsìkò tí wọ́n kọ sára rẹ̀ la gbọ́dọ̀ kà á, kì í ṣe ìgbà tí a bá rántí, àti pé omi inú páálí rẹ̀ nìkan la gbọ́dọ̀ kán sí i, nítorí omi mìíràn lè fa ìlà tí kò sí. Bí kò bá sí ibà ẹ̀fọn, tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí ara aláìsàn ti ń gbóná, tí kò sí àmì ewu lára rẹ̀, Widal kò ní ohunkóhun tó lè sọ fún wa lọ́jọ́ náà; kí a máa ṣọ́ ọ, kí ó padà wá. Bí ibà bá ti wọ ọ̀sẹ̀ kejì, tí inú ń run ún, tí a sì ń fura ní tòótọ́, ẹni yẹn gan-an ni kí a tọ́jú owó ìgbìn ẹ̀jẹ̀ fún, kí a sì gba ẹ̀jẹ̀ náà kí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọ ara rẹ̀. Owó Widal mẹ́wàá tí a kò ṣe yóò ran àpò lọ́wọ́ láti san án.

Ẹ jẹ́ ká tún padà sí ìwé pélébé yẹn. Orúkọ wà lórí rẹ̀, ọjọ́ orí wà níbẹ̀, O àti H wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta kì í sí: ọjọ́ kelòó rèé tí ara aláìsàn ti ń gbóná, oògùn wo ló ti lò kí ó tó dé, àti kí ni oníṣègùn tó rán an wá ń fura sí. Ìlà mẹ́ta ni, ààyè wọn kò ní gbà ju fífẹ̀ ìka méjì lọ lókè ibi tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí. Láàbù tó bá tẹ ìlà mẹ́ta yìí sórí ìwé rẹ̀, tó sì ń bi aláìsàn kí ó tó ki abẹ́rẹ́ bọ apá rẹ̀, yóò rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó tò dúró kò ní ohun tí Widal lè ṣe fún wọn, yóò sì lè sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ kí ó tó gba owó wọn.